Kẹrosíìnì Màámi àti Ilé Bàbá Dọ́káàsì

Òórùn kẹrosíìnì ni òórùn ilé wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa rántí òórùn búrẹ́dì. Ní tèmi, bí mo bá lajú láàárọ̀, kẹrosíìnì ló ń kọ́kọ́ kí mi. Àgbá ńlá méjì ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, Màámi á sì ti jókòó tì wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìró rẹ̀ mọ́ àyà, àrọ páànù tó fi ń rọ epo ní ọwọ́ ọ̀tún, ìgò oníbàárà ní ọwọ́ òsì. Kì í da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Èmi tí mò ń kọ èyí, tí mo ti gun òrùlé tó pọ̀ ju irun orí mi lọ ní Dallas lókè òkun, mi ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró tó ti ìyá mi. Tèmi ló tẹ̀ lé e.

Bàbá Dọ́káàsì ló ṣe àrọ yẹn. Oníṣẹ́ páànù ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Ìta-Ọsàn, àdúgbò kan nínú ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Yóò mú agolo mílíìkì àti agolo òróró tí ẹlòmíràn ti sọ nù, yóò gé e, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò fi òjé lẹ̀ ẹ́, ó di àtùpà, ó di kóló, ó di àrọ. Ará Èkìtì ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti Dọ́káàsì ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ni wọ́n jọ ń gbé. Gbogbo àtùpà àdúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Kẹrosíìnì tó wà nínú wọn, ọwọ́ ìyá mi ló ti jáde. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ríran lálẹ́ ní Ìta-Ọsàn láyé ìgbà yẹn, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé wa méjèèjì.

Ṣùgbọ́n Bàbá Dọ́káàsì kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí Sátidé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pawó, ilẹ̀kùn rẹ̀ á wà ní títì, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn òun àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń kọ orin kan náà tí àwa ń kọ lọ́jọ́ Àìkú. Kì í jẹ ìmàdò, kì í jẹ edé, kì í jẹ ìgbín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rò ó wò: ìgbín! Màámi á ní, "Ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run rẹ̀ nìyẹn. Ìgbín tí kò jẹ, ó kù fún wa." Kì í pọn omi ní Sátidé pẹ̀lú. Fún ìdí yìí, ní gbogbo ọ̀sán Ẹtì, òun àti Dọ́káàsì á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀ ní ìdí kànga, títí ìkòkò wọn á fi kún.

Ní ìlú wa, ẹni tí kò bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mọ́ṣáláṣí ló ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tó ń sinmi ní Sátidé, inú Bíbélì nìkan la ti gbọ́ irú wọn. Tíṣà tó ń kọ́ àwa ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ wò ó, Júù ti dé Ìta-Ọsàn o." Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ ọn bí òjé. Ọkùnrin tó gba Jésù gbọ́ bíi tiwa, tí àdúrà rẹ̀ gùn ju ti bàbá ìjọ lọ, ni àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé lójú pópó: "Júù! Júù! Níbo lo gbé Jésù sí?" Yóò kàn ní, "Ẹ kú eré o, ẹ̀yin ọmọ." Tíṣà kan náà ló ń kọ́ wa pé àwọn Júù ló pa Jésù. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé Júù ni Jésù fúnra rẹ̀, pé Júù ni Màríà ìyá rẹ̀, Júù ni Pétérù, àti pé ṣójà Róòmù ló kan ìṣó. Mo gbọ́n lọ́mọdé, gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò bá gbé síwájú ọlọ́gbọ́n, báwo ló ṣe fẹ́ rí i?

Màámi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé rẹ̀. "Ẹnu ló ń ṣẹ́ igi iná," ni yóò wí. "Ọwọ́ kàn ń ṣáná sí i ni." Mo rò pé nítorí òwò rẹ̀ ló ṣe ń fi iná pòwe nígbà gbogbo. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì, kí ni ì bá tún máa sọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí apá ọ̀dọ̀ wa á rántí Júdásì. Ní Ẹtì Rere, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, a ó gbé ère èèyàn tí a fi koríko gbígbẹ àti àkísà ṣe, a ó máa wọ́ ọ kiri ìgboro, a ó máa nà án lẹ́gba, a ó máa kọrin bú u pé ó ta Olúwa rẹ̀. Ní ìparí, a ó gbé e dé etí odò, àwọn tó dàgbà jù wá lọ á da kẹrosíìnì sí i, wọ́n á sun ún. Kò sẹ́ni tó mọ Júdásì ṣe tó mi. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bò ó. Àwọn àdúgbò yòókù á di koríko jọ bí ẹni di ẹrù igi, wọ́n á ní Júdásì ni. Tèmi ní orúnkún, ó ní ìgbọ̀nwọ́, èkùrọ́ ni mo fi ṣe ojú rẹ̀, ó sì ń wò yín bó ṣe ń kọjá. Ìwé prámárì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fún un ní sátífíkéètì.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí Àjíǹde tó dé. Pákó tó bo kànga wa ti jẹrà, àgbàrá sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ káàkiri. Ọmọ ọwọ́ kan wà ní ilé Bùrọ̀dá Láńre, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yàgbẹ́ gbuuru títí ojú rẹ̀ fi jìn sínú. Láńre yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni, òun ló sì máa ń ṣáájú wa lọ́jọ́ Júdásì. Ó fẹ́ràn ọmọ yẹn bí ẹyinjú.

Ẹnìkan ní omi kànga ń rùn. Ẹlòmíràn ní, ta ló máa ń pẹ́ jù nídìí kànga? Ẹlòmíràn tún ní, àbí ẹ ò rí Júù yẹn, tó ń pọn omi ní gbogbo Ẹtì bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé? Kí ló ń fi ṣe? Kí ló ń bù sí i? Kò sẹ́ni tó dìde lọ wo inú kànga. Ọ̀rọ̀ náà ti dùn lẹ́nu wọn ju omi lọ.

Ní àárọ̀ Ẹtì Rere, Láńre wá ra ìgò kẹrosíìnì kan lọ́wọ́ Màámi, bó ṣe máa ń rà á lọ́dọọdún. Màámi fi àrọ Bàbá Dọ́káàsì rọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn ìsìn, mo gbé Júdásì mi jáde, gbogbo àdúgbò sì kígbe, nítorí tọdún yẹn ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ṣe. Kí n tó mọ̀, Láńre ti mú òkùn, ó ti so agolo àti àjákù páànù mọ́ Júdásì lọ́rùn. Inú bí mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń bà jẹ́, bí mo ṣe rí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó yí wa ká ti rí nǹkan mìíràn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ wo oníṣẹ́ páànù! Ẹ wo Júù!" Orin yí padà. Wọn ò bú ẹni tó ta Olúwa rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bu májèlé sí kànga ni wọ́n ń bú.

Ọ̀nà odò wà lápá ọ̀tún. Láńre yà sí apá òsì.

Bí a ṣe dé iwájú ilé Bàbá Dọ́káàsì, fèrèsé ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní èyí tó kẹ́yìn, mo rí ojú Dọ́káàsì. Ọmọ tí a jọ ń ṣeré, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Lẹ́yìn náà ó tì í. Àtíbàbà kan wà níwájú ilé náà tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ni wọ́n fi bò ó, ó sì fara ti ògiri ilé. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Láńre gbé Júdásì dúró sí, ó fi eyín yọ ìdérí ìgò. Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Ìṣáná dà?" Ohùn tó fi béèrè rẹ̀, bí ẹni ń béèrè iyọ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni mo rí Màámi. Kò sáré. Ó gba àárín ọ̀nà kọjá wá, àrọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láńre, kẹrosíìnì ta nìyẹn?"

"Tiwa ni, mà. Ẹ̀yin náà lẹ tà á fún wa láàárọ̀."

"Mo tà á fún Júdásì. Mi ò tà á fún ilé èèyàn. Gbé e wá."

"Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i. Ọmọ ń kú lọ nílé wa. Ọkùnrin yìí ti fi nǹkan sí kànga."

"O rí i?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

"Mi ò bi ọ́ nípa gbogbo èèyàn. Ìwọ, ojú rẹ méjèèjì yìí, o rí i?"

Ẹni tó béèrè ìṣáná kígbe pé, "Júù mà ni!"

Màámi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyá mi, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ó lè bọ́ aṣọ lára ọba. "Júù? Ọmọ Èkìtì tí kò tíì dé Èkó rí? Ó dára, ẹ jẹ́ ká ní Júù ni. Júù pátápátá. Ṣé ilé Júù kì í ṣe ilé ni? Ṣé ọmọ Júù kì í ké bí iná bá jó o?"

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí fèrèsé tó tì. "Dọ́káàsì! Ọmọ mi, òùngbẹ ń gbẹ mí. Bu omi wá fún mi nínú ìkòkò yín."

Gbogbo wa dúró. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bàbá Dọ́káàsì fúnra rẹ̀ ló jáde, ife páànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, mo sè é o. Omi yẹn ti ń rùn láti ọjọ́ mélòó kan, mo sọ fún wọn nídìí kànga, wọn ò dá mi lóhùn."

Màámi mu ún dé ìdajì. Ó na ìyókù sí mi. Ẹ̀yin ènìyàn, èmi ni mo kọ́kọ́ mu ún lẹ́yìn ìyá mi níṣojú gbogbo Ìta-Ọsàn! Mo mu ún tán, mo dojú ife dé kí wọ́n lè rí i pé kò ku ẹ̀kán kan. Màámi ní kí wọ́n bu òmíràn, ó nà án sí Láńre. Láńre wo omi náà, ó wò mí bóyá màá ṣubú. Mi ò ṣubú. Ó gbé ìgò kẹrosíìnì lé Màámi lọ́wọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn tó kù ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Màámi fi àrọ da kẹrosíìnì rẹ̀ padà sínú àgbá. Ó ní, "Ṣẹ́gun, tú nǹkan rẹ yẹn." Mo tú u, oríkèé kan lẹ́yìn òmíràn, a fi koríko rẹ̀ fún ewúrẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú kànga. Òkété méjì tó ti wú ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n ń fi omi sísè tọ́jú ọmọ náà, ó sì yè. Ó ti di ìyá ọmọ báyìí. Ní ọjọ́ Àjíǹde, bí bàbá ìjọ ṣe ń wàásù, ìró òòlù ń wọlé bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kangó, kangó. Bàbá Dọ́káàsì ń fi páànù àgbá ṣe ìdérí tuntun fún kànga. Tíṣà wa wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni ní Júù. Láńre ló bá Bàbá Dọ́káàsì gbé ìdérí náà dé ìdí kànga nírọ̀lẹ́. Láti ọdún yẹn, Ìta-Ọsàn kò na Júdásì mọ́. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí pé mo ti mọ bí màá ṣe ṣe ìka ọwọ́ fún tọdún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá béèrè mi lónìí ní DeSoto, lẹ́bàá Dallas níbí, wọn á fi ilé mi hàn yín. Òun ló ní òrùlé tó dára jù ní òpópónà wa, tírọ́ọ̀kì mẹ́ta sì wà níwájú rẹ̀. Bí yìnyín bá bọ́, tó lu òrùlé gbogbo Dallas bí ẹni lu ìlẹ̀kẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè láti Pleasant Grove títí dé Carrollton. Ní Carrollton ni mo ti pàdé Bàbá Leo. Ó ti súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, òun sì ni Júù àkọ́kọ́ tí mo bá jókòó rí láyé mi. Nígbà tí mo parí òrùlé rẹ̀, ó ní kí n jókòó mu tíì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Júdásì mi fún un, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, orúnkún rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ojú èkùrọ́. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ibi ilé Bàbá Dọ́káàsì ló gbé ife sílẹ̀.

"Wọ́n ti fèrèsé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní Póláńdì ni wọ́n ti bí òun, àti pé ohun àkọ́kọ́ tí òun rántí láyé ni ìyá òun tó ń ti fèrèsé ní Ẹtì Rere, nítorí pé bí àwọn aládùúgbò bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, òkúta ni wọ́n máa ń jù sí ilé àwọn Júù. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò ga, tirẹ̀ náà ní ohùn ìlú rẹ̀ nínú, a sì yé ara wa. Ó ní ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí àwọn oníwàásù ti ń sọ lórí pẹpẹ pé Júù ló pa Jésù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá dé ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ní àwọn Júù ló bu májèlé sí kànga, wọ́n sì sun àdúgbò wọn pẹ̀lú àwọn èèyàn inú rẹ̀. Kànga! Mo dìde lórí àga. Ó ní kí n jókòó, kò tíì tán. Níbi púpọ̀, wọn ò jẹ́ kí àwọn Júù ní ilẹ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n tì wọ́n sí ìdí owó yíyá. Ìgbà tí àwọn Júù sì ń yáni lówó, àwọn ará ìlú kórìíra wọn nítorí owó. Wọ́n rán àkísà mọ́ wọn láṣọ kí wọ́n lè dá wọn mọ̀, wọ́n mọ odi yí àdúgbò wọn ká, orílẹ̀-èdè kan lé wọn, òmíràn gbà wọ́n, òun náà tún lé wọn. Nígbà tó yá, ìkórìíra náà pààrọ̀ aṣọ. Wọn ò sọ pé ẹ̀sìn ni mọ́, wọ́n ní inú ẹ̀jẹ̀ Júù ni aburú náà wà, pé ìrìbọmi kò lè fọ̀ ọ́.

Orí igi gbígbẹ tí wọ́n ti ń ṣẹ́ láti ayébáyé yìí ni olórí Jámánì yẹn bọ́ sí. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ sínú ìtàn tí ìyá mi wà. Jámánì ti jagun, ó ti pàdánù, ebi ń pa wọ́n, ó ní Júù ló fà á. Ìjọba rẹ̀ lé tíṣà tó jẹ́ Júù kúrò níṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà wọn. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ wọn, wọ́n sun ilé ìjọsìn wọn, wọ́n fọ́ ìsọ̀ wọn. Nígbà tí ogun tún dé, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n sí ẹnu kòtò, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn, tọmọdé tàgbà, lọ síbi tí wọ́n kọ́ fún pípa èèyàn. Mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Ìyá Bàbá Leo gbé e fún obìnrin alágbàfọ̀ kan ní ọjọ́ tí wọ́n wá kó wọn. Obìnrin náà fi í pamọ́ sí abẹ́ ilé títí ogun fi parí. Nínú ìdílé rẹ̀, òun nìkan ló kù.

Mi ò fi tiwa wé tiwọn o. Iwájú ilé kan ni tiwa parí sí. Ṣùgbọ́n mo bi í, nítorí ó ń jẹ mí lọ́kàn: "Bàbá, ṣé kò sí ìyá kankan tó jáde bíi tèmi ni?"

Ó ní, "Wọ́n wà. Ẹ̀mí mi ti wá láti ọwọ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó. Nígbà tó fi máa kàn wá, kẹrosíìnì ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba."

Mo wa tírọ́ọ̀kì mi lọ sílé lórí ọ̀nà márosẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò tan rédíò. Mo dà bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ gbá, tó wẹ̀yìn, tó rí i pé mọ́tò náà ti kọjá. Èmi ọmọdé yẹn kò mọ bí a ṣe súnmọ́ ọn tó. Màámi mọ̀, láì mọ ibi tí Jámánì wà.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń gẹrun ní Pleasant Grove, ọ̀rẹ́ mi Sùnkànmí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó kàwé jù mí lọ fíìfíì, ń ṣe àlàyé pé, "Àwọn Júù yìí ló ni gbogbo owó ayé, àwọn ló wà nídìí ohun gbogbo."

Mo ní, "Sùnkànmí, gbé igi yẹn sílẹ̀."

"Igi wo?"

"Èyí tó wà lẹ́nu rẹ. Èwo nínú wọn lo rí tó ni owó ayé? Dárúkọ àwọn tó o rí fúnra rẹ."

Ó wojú dígí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ lásán ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti Tíṣà wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo bá sọ ìtàn yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, abẹ́ sì dúró lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Sùnkànmí ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ òótọ́. Ta ló tún lè kọ ọ́ tó mi?

Yìnyín tún bọ́ lọ́dún yìí. Ẹtì Rere bá mi lórí òrùlé Bàbá Leo, mò ń kan ṣíńgùlù, páálí ọlọ́dà tí wọ́n fi ń bo ilé níbí, oòrùn ń yọ́ ọ̀dà, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo wo ìsàlẹ̀. Gbogbo fèrèsé bàbá náà ló ṣí, kọ́tìnì ń fẹ́ jáde nínú wọn. Ọmọdé tó ṣe Júdásì ní ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló na omi sí i kó tó mu. Èmi, kò sẹ́ni tó rán mi, mo sọ òòlù kalẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, mo lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, mo ní, "Bàbá, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ bu omi fún mi mu."